Awọ dúdú tó ń di eérú, fọ́tò òkú ọ̀run, àti ọ̀rẹ́ tó di ẹbí: ẹ bá mi dá sí àwòrán yìí

Ọmọ Ìdẹ́nà (Kétu)

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ayàwòrán. Ìbéèrè mi jẹ́ mẹ́ta, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn wà fún.

Àwòrán ńlá ni: mítà 2 ní ìbú, mítà 1.5 ní gíga, ọ̀dà ákírílíìkì lórí aṣọ òwú. Ènìyàn méje ni yóò wà nínú rẹ̀. Mẹ́ta ti di òkú ọ̀run: bàbá àgbà kan àti ìyá àgbà méjì. Fọ́tò dúdú-funfun kéékèèké ló kù tí a fi ń rántí wọn, èyí tó tóbi jù ò ju sẹ̀ǹtímítà 6 sí 9 lọ. Mẹ́rin tó kù wà láàyè, wọn ò sì bá àwọn òkú náà tan rárá: ọmọ Ṣábẹ̀ kan, Gùn kan láti Àjàṣẹ́, ọmọ Àgùdà kan (ìran àwọn tó padà wá láti Bràsíl), àti ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí ní Salvador ní Bràsíl tó wá fi Kétu ṣe ilé. Àjọbí àti àjọgbé lórí ẹní kan náà, ohun tí àwòrán náà dá lé nìyẹn.

Ibi tó ti dí nìyí. Àkọ́kọ́, awọ ara: bí funfun bá wọ ọ̀dà láti mú un mọ́lẹ̀ díẹ̀, ojú a di eérú, bí a bá sì fi dúdú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ojú a di ihò, imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò ní yàtọ̀ síra. Èkejì, mo fẹ́ kí fọ́tò àwọn òkú náà wọ ara aṣọ gẹ́gẹ́ bíi fọ́tò, láìtún wọn yà, irú èyí tí Njideka Akunyili Crosby, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà, ń ṣe. Ẹ̀kẹta, báwo ni kí n ṣe to àwọn méje yìí tí ẹni tó bá wò ó á fi mọ̀ pé ẹbí ni wọ́n, tí kò ní rò pé èrò ibùdókọ̀ ni?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wulẹ̀ ní kí n lọ wo fídíò. Ara òyìnbó ni wọ́n ń kùn nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Aláwọ̀ Àjàṣẹ́

Ẹ kú ìnáwó ọ̀dà o. Ọ̀rọ̀ awọ ara ni màá dáhùn, àwọn tó mọ fọ́tò ń bọ̀.

Blanc de titane ló ń ṣe yín ní jàǹbá. Ọ̀dà funfun yẹn ń bo nǹkan mọ́lẹ̀ gan-an, ó sì ń mú kí àwọ̀ tó bá wọ̀ tutù. Tó bá ti bọ́ sínú dúdú tàbí sínú àwọ̀ ilẹ̀, ooru inú rẹ̀ a lọ, ohun tó kù a dà bí ẹsẹ̀ tí ọyẹ́ fẹ́ tí wọn ò fi òrí pa. Awọ ara ènìyàn dúdú ń dán, ó sì ń gba àwọ̀ ohun tó yí i ká. Ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ti ń wá. Ohun tí ẹ máa fi mú un mọ́lẹ̀ ni ocre jaune (àwọ̀ ilẹ̀ tó jọ ìyeyè), lẹ́yìn rẹ̀ terre de Sienne (àwọ̀ ilẹ̀ tó jìn ju ìyẹn lọ), lẹ́yìn náà àwọ̀ ọsàn díẹ̀. Kí funfun má dé ojú àwòrán títí yóò fi ku ibi tó ń dán jù: iwájú orí, ṣóńṣó imú, ètè ìsàlẹ̀. Níbẹ̀ pàápàá, bó bá jẹ́ pé ìta gbangba ni wọ́n jókòó sí, ẹ fi búlúù díẹ̀ sí i, torí pé ojú sánmà ni awọ ń dá padà níbẹ̀.

Ẹ má fi dúdú inú túùbù bẹ̀rẹ̀. Ẹ po terre d'ombre brûlée (àwọ̀ ilẹ̀ tó dúdú bíi kọfí) ìdá méjì mọ́ bleu outremer (búlúù tó jìn) ìdá kan. Dúdú tó máa jáde ṣeé darí: búlúù kún un, ó tutù, terre d'ombre kún un, ó gbóná. Ẹni tó bá pupa, ẹ fi ocre rouge (àwọ̀ ilẹ̀ pupa) ìdajì ìdá sí i. Ẹ pò ó sínú ìgò tó ní ìdérí, kì í ṣe lórí páálí. Fún orí, ọrùn àti ọwọ́ ènìyàn mẹ́rin lórí aṣọ tó tóbi tó yẹn, mílílítà 150 àwọ̀ àárín á tó, 100 ti òjìji, 50 ti ibi ìmọ́lẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ ìgò ni pé ákírílíìkì máa ń dúdú sí i tó bá gbẹ: oje tó so ọ̀dà náà pọ̀ funfun nígbà tó tutù, ó sì ń mọ́ gaara tó bá gbẹ. Ẹni tó bá po ọ̀dà láàárọ̀ tó tún po òmíràn nírọ̀lẹ́ ò ní rí i kó bára mu, pàápàá àwọn àwọ̀ tó dúdú. Ẹ kun díẹ̀ sórí páálí, ẹ fi ẹ̀rọ ìgbẹrun gbẹ ẹ, kí ẹ tó gbà pé òun lẹ fẹ́.

Ohun mìíràn tó ń tàn yín jẹ ni funfun ara aṣọ fúnra rẹ̀. Lórí ilẹ̀ funfun, àwọ̀ àárín máa ń dà bíi pé ó dúdú jù, ẹ ó máa fi ìmọ́lẹ̀ kún un ṣáá. Ìgbà tí ẹ bá wá kun ẹ̀yìn tán ni ẹ ó rí i pé gbogbo ojú ti ṣì. Ẹ fi ocre rouge àti ìkán terre d'ombre díẹ̀ sínú ọ̀dà ìpìlẹ̀ tó kẹ́yìn, kí aṣọ náà pupa rọ́rọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kan ojú ẹnikẹ́ni. Pupa yẹn náà á tún máa yọ láti abẹ́ ní ibi tí ọ̀dà bá fẹ́lẹ́, yóò sì ṣe iṣẹ́ ẹ̀jẹ̀ fún yín lọ́fẹ̀ẹ́.

Kétu lẹ wà, ẹ lo ilẹ̀ pupa yín. Ẹ wo ẹni tó jókòó ní ojúde nígbà tí oòrùn bá mú: abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, abẹ́ imú, abẹ́ apá, pupa ni, torí ilẹ̀ ń ju ìmọ́lẹ̀ sókè sí i. Àwọn ayàwòrán tó ń fi òjìji dúdú kan náà sí gbogbo abẹ́ àgbọ̀n ló ń sọ ojú di ihò. Ẹ fi ocre rouge àti ọsàn tó fẹ́lẹ́ gba abẹ́ àgbọ̀n, ẹ ó rí i tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á ya kúrò lára ọrùn láìsí funfun kankan. Àtẹ́lẹwọ́ yàtọ̀, ẹ má gbàgbé. Funfun ojú àti eyín kì í ṣe funfun inú túùbù. Eérú tó gbóná díẹ̀ ni wọ́n, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á máa fò jáde láti inú àwòrán.

Tó bá jẹ́ dúdú gan-an lẹ fẹ́, ọ̀nà wà. Kerry James Marshall ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n bí ní Alabama ní 1955, ń lo oríṣi dúdú mẹ́ta: dúdú eyín erin, dúdú irin, dúdú èédú. Ó ń fi búlúù kobalt, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ àlùkò yí wọn padà, kí imú lè yàtọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ nípa ooru àti òtútù àwọ̀, kì í ṣe nípa ìmọ́lẹ̀. Nínú túùbù tí ẹ máa rí lọ́dọ̀ wa: noir d'ivoire fẹ́lẹ́, noir de Mars nípọn ó sì ń bo nǹkan, noir de carbone ló lágbára jù tó bá wọ àwọ̀ mìíràn, ẹ fọwọ́ fẹ́lẹ́ mú un. Amy Sherald ní tirẹ̀ ń fi eérú kun awọ ara mọ̀ọ́mọ̀, aṣọ àti ẹ̀yìn nìkan ló ń fún ní àwọ̀ tó lágbára. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe kun Michelle Obama ní 2018. Amoako Boafo ti Gánà ń fi ìka kun ojú, búrọ́ọ̀ṣì ló ń fi kun aṣọ. Nílé wa níbí, Moufouli Bello ti Kútọnú, ọ̀kan lára àwọn mẹ́rin tó ṣojú Bẹ̀nẹ̀ níbi ìfihàn iṣẹ́ ọnà ńlá (Biennale) ní Venice ní 2024, ń fi búlúù kun awọ àwọn obìnrin rẹ̀. Ọ̀nà tó dára ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹ má kó méjì pọ̀ sójú aṣọ kan. Ẹni tó bá kun ojú kan ní eérú, tó kun èkejì ní àwọ̀ ara, ẹni eérú yẹn lè jọ òkú lójú ẹni tó ń wò ó.

Àbí ẹ rí i, ìyẹn gan-an lè wúlò fún yín. Àwọn tó tẹ̀lé mi á sọ ọ́.

Fọ́tò-Ò-Kú (Ṣábẹ̀)

Ẹ kú ọgbọ́n, Aláwọ̀. Mo mú tèmi láti ibi fọ́tò.

Ẹ má gbé fọ́tò gan-an sún mọ́ ọ̀dà tàbí omi láéláé. Ẹ skán an. Sẹ̀ǹtímítà 6 sí 9 tí ẹ fẹ́ sọ di nǹkan bíi 60 sí 90, ìlọ́po mẹ́wàá nìyẹn. Bí ẹ bá skán an ní dpi 600 (iye àmì inú ínṣì kan), ìwọ̀n 60 péré ló máa kù tó bá tóbi tán, ojú a di àmì róbóróbó. Ẹ skán an ní 1200, 120 a kù, ìyẹn tó fún ohun tí wọn á máa wò láti mítà kan. Ẹ má ṣe ya fọ́tò náà ní fóònù kí ẹ sọ pé ẹ ti skán an. Dídán ojú bébà á di funfun níbi tí àwọ̀ ti yẹ kó wà. Ìwọ̀n tí ẹ máa tẹ̀ jáde náà ṣe pàtàkì fún àpò yín: 60 sí 90 á gba bébà A3 mẹ́jọ, tí ẹ bá dín in sí 57 sí 85.5, mẹ́fà péré ni, méjì ní ìbú, mẹ́ta ní gíga, kí bébà dùbúlẹ̀. Ẹ ṣètò ibi tí bébà ti pàdé kó má bọ́ sí àárín ojú tàbí sórí ètè.

Ọ̀rọ̀ kan nípa àwọ̀ àwọn àgbà náà kí ẹnikẹ́ni tó dájọ́. Ọ̀pọ̀ fíìmù tí wọ́n ń lò kí ó tó di bí ọdún 1930 kì í rí pupa. Àwọ̀ tó bá ní pupa nínú, dúdú ló ń sọ ọ́ dà. Nítorí náà bàbá tó dúdú kirikiri nínú fọ́tò lè jẹ́ ẹni tó pupa. Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí àwọ̀ aṣọ àti ara ṣe rí láyé ìgbà yẹn, ẹ wo fọ́tò aláwọ̀ tí Frédéric Gadmer yà ní Dàhòmì ní 1930 nígbà tó bá Fadá Aupiais rìn. Musée Albert-Kahn ní ilẹ̀ Faransé ló ń tọ́jú wọn. Fún káàdì ìfìwéránṣẹ́ àtijọ́, Edmond Fortier gba Dàhòmì kọjá ní 1908 àti 1909, ó kú ní 1928, ẹ̀tọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Ti Pierre Verger, ayafọ́tò ọmọ Faransé, kò rí bẹ́ẹ̀. Kétu yín níbẹ̀ ló ti di babaláwo ní 1953, tí wọ́n sọ ọ́ ní Fátúmbí, ṣùgbọ́n 1996 ló kú, ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀ ní Salvador ló ni ẹ̀tọ́ fọ́tò rẹ̀. Ẹ béèrè kí ẹ tó lò ó.

Ó yá, bí a ṣe ń gbé e. Njideka ń lo acétone (omi tó ń yọ́ ọ̀dà), òótọ́ ni, ṣùgbọ́n orí bébà ló ń ṣiṣẹ́. Acétone ń yọ́ ìyẹ̀fun yíǹkì tí ẹ̀rọ lésà fi tẹ̀wé, ìyẹ̀fun náà a sì lẹ̀ mọ́ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Aṣọ ní òwú tó ga tó sì rẹlẹ̀, orí òwú nìkan ni yíǹkì á mú, inú àlàfo á funfun. Èyí tó tún burú ni pé acétone ń yọ́ ákírílíìkì. Bí ẹ bá dà á lé ìpìlẹ̀ tí ẹ ti kun, ọ̀dà á bá bébà dìde. Nítorí náà, gel ákírílíìkì, oje ọ̀dà tó nípọn tí kò ní àwọ̀, ni kí ẹ lò.

Ìtẹ̀wé lésà tàbí fọ́tòkọ́pì ni o, kì í ṣe ẹ̀rọ tó ń fi yíǹkì olómi tẹ̀wé, torí omi tí ẹ máa fi fọ bébà kúrò á fọ yíǹkì náà lọ. Bébà gíráàmù 80 tó fẹ́lẹ́ dára ju èyí tó nípọn lọ. Ẹ yí àwòrán náà bíi ti inú dígí kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́, nítorí ojú ló máa dojú kọ aṣọ. Ẹni tí kò bá yí i, ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì a bọ́ sí ọ̀tún, àgbàlagbà tó bá mọ ìyá yẹn á rí i kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

Aṣọ náà gbọ́dọ̀ ti gba ìpìlẹ̀ ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ sì ti fi sáńdípépà tó kúnná, nọ́ńbà 220, dán an. Ẹ tẹ́ gel sí i pẹ̀lú káàdì tó le, kó nípọn déédéé, nǹkan bí ìdajì mílímítà. Ẹ dojú bébà dé e kí gel tó bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ. Láti àárín ni ẹ ti máa fi káàdì ti afẹ́fẹ́ jáde lọ sí etí. Ibi tí afẹ́fẹ́ bá kù sí, ihò ló máa jẹ́ lójú àwòrán. Ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí 24, lákòókò òjò ẹ fún un ní 48, nínú ilé, kì í ṣe nínú oòrùn. Lẹ́yìn náà ẹ fi kànrìnkàn rin ín lómi, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi ìka yí bébà náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Ó máa dà bíi pé ó ti tán. Tó bá gbẹ, funfun bíi fùlùfúlù á tún yọ. Ẹ tún rin ín, ẹ tún yí i, ó lè tó ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń bà á jẹ́ ni ìgbà kejì: wọ́n á kánjú, ìka á gbá imú tàbí ojú lọ. Funfun díẹ̀ tó bá kù ní ìkẹyìn, gel tó fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo lórí rẹ̀ á jẹ́ kó mọ́ gaara.

Acétone tí ẹ bá ti rà, ẹ lò ó lórí bébà fún nǹkan etí àwòrán tí ẹ lè lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Ìta gbangba ni, kí ó jìnnà sí àdògán àti ẹ̀rọ iná, torí pé afẹ́fẹ́ rẹ̀ ń gbiná. Èyí tí wọ́n ń tà fún fífọ èékánná kì í ṣe acétone ògidì, wọ́n ti po nǹkan mọ́ ọn, ó lè má gbé ìyẹ̀fun náà dáadáa.

Ọmọ Ìdẹ́nà

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. Gel wọ́n ó sì ṣòro rí níbí. Ṣé kóòlù (gọ́ọ̀mù) funfun ti káfíńtà ò lè rọ́pò rẹ̀?

Fọ́tò-Ò-Kú (Ṣábẹ̀)

Rárá o. Kóòlù yẹn ń rọ̀ tó bá tún kan omi, omi sì ni iṣẹ́ gbogbo nígbà tí ẹ bá ń yọ bébà. Ìgbà tí ẹ bá ń yí bébà ni yíǹkì á bá kóòlù dìde. Tí owó bá ń dùn yín, ẹ dín àwọ̀ túùbù kù, ẹ má dín gel. Àti pé ẹ má fi ọ̀dà ògiri ṣe ìpìlẹ̀ láti fi owó pamọ́: ẹfun pọ̀ nínú rẹ̀ ju oje tó so ó pọ̀ lọ, ìgbà tí ẹ bá ká aṣọ náà, á sán. Fún mítà 2 sí 1.5, ìpìlẹ̀ gidi ẹ̀ẹ̀mẹta á gba nǹkan bíi lítà kan sí lítà kan àti díẹ̀. Ti àkọ́kọ́ nìkan ni ẹ máa fi omi là, omi ìdá kan sí ìpìlẹ̀ mẹ́rin. Ẹ fọ aṣọ náà nínú omi gbígbóná kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, torí sítáàṣì ọjà kì í jẹ́ kí ìpìlẹ̀ mu òwú, aṣọ náà á sì tún sún kì.

Ìyá Aláṣọ (Àjàṣẹ́)

Ọmọ mi, ìbéèrè kẹta yìí ni kókó ibẹ̀, wọ́n sì fò ó.

Ohun tó ń fi ẹgbẹ́ hàn lójú gbogbo wa ni aṣọ. Ẹ fi aṣọ ẹgbẹ́ kan wọ àwọn mẹ́rin tó wà láàyè, ańkárá ọnà kan, àwọ̀ kan, ṣùgbọ́n kí oníkálùkù rán tirẹ̀ bó ṣe wù ú: ọ̀kan bùbá, ọ̀kan ṣẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan ìró nìkan, ọ̀kan kó fi wé gèlè. Bí wọ́n bá wọ̀ ọ́ bákan náà, ọmọ iléèwé ni wọ́n á jọ.

Bí ẹ ṣe máa kun ọnà náà ni ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Ẹ kọ́kọ́ kun aṣọ láìsí ọnà: ìṣẹ́po rẹ̀, ibi tó mọ́lẹ̀, ibi tó ṣókùnkùn, àwọ̀ kan ṣoṣo. Kó gbẹ. Ẹ wá gé ọnà ara ańkárá náà sára fíìmù rédíò (X-ray) ilé ìwòsàn àtijọ́, ó le ju páálí lọ, omi ò sì lè rọ̀ ọ́. Ẹ fi kànrìnkàn tí ọ̀dà ò pọ̀ lórí rẹ̀ tẹ ọnà náà gba ojú aṣọ. Ní gbogbo ibi tí ìṣẹ́po bá wà, ẹ dúró, ẹ sún fíìmù náà ní mílímítà 5 sí 10, kí ọnà náà fọ́ níbẹ̀. Ọnà tó bá gba orí ìṣẹ́po kọjá gbọrọ, bébà ara ògiri ló máa jọ. Ìgbẹ̀yìn, òjìji tó fẹ́lẹ́ lórí ọnà àti aṣọ papọ̀. Kehinde Wiley, ayàwòrán Amẹ́ríkà tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ń jẹ́ kí ọnà ẹ̀yìn kọjá wá sí iwájú ènìyàn, ṣùgbọ́n ìyẹn mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Nísinsìnyí, àwọn òkú ọ̀run. Fọ́tò wọn á jẹ́ dúdú-funfun, àwọn alààyè á ní àwọ̀. Ohun tí Aláwọ̀ ń fi ọ̀rọ̀ kàn nìyẹn. Tí ẹ bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ayé méjì tí kò mọ ara wọn ni. Ẹ mú àwọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ náà, kí ẹ fi gel là á títí á fi mọ́ gaara, kí ẹ fi gba orí aṣọ àwọn òkú náà nìkan. Ẹ má fọwọ́ kan ojú wọn, ẹ má fọwọ́ kan ọwọ́ wọn. Fọ́tò ṣì ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n ti wọ aṣọ ẹgbẹ́.

Ẹ má gbé wọn sínú róbótó lókè igun àwòrán. Ọ̀nà tí pósítà ìsìnkú ń gbà nìyẹn ní gbogbo ògiri Àjàṣẹ́, ẹni tó bá rí i á kàn béèrè ọjọ́ ìsìnkú. Kí wọ́n wà láàárín àwọn alààyè, ní ìwọ̀n orí kan náà. Lórí mítà 2 yẹn, orí sẹ̀ǹtímítà 18 sí 20 ló máa gba ènìyàn méje láìjẹ́ pé wọ́n há. Ọwọ́ ni kí ẹ fi so wọ́n: ọwọ́ ọmọ Bràsíl yẹn lórí èjìká ìyá àgbà, ọwọ́ rẹ̀ kùn, èjìká náà fọ́tò. Ìka márùn-ún náà ló máa ṣòro jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, ẹ yà á sọ́tọ̀ lórí bébà kí ẹ tó gbé e wọlé.

Ìdí tí mo fi yan òun ni pé àwọn ilé òrìṣà Kétu ní Bahia ti ń ṣe irú ẹbí yìí tipẹ́. Ẹni tí wọ́n bá ṣe ìyàwó òrìṣà fún níbẹ̀ ní ìyá, ó ní ẹ̀gbọ́n, ó ní àbúrò, ẹ̀jẹ̀ wọn ò sì pa pọ̀. Ọmọ Àgùdà yín náà, orúkọ Potogí ló ń jẹ́, Àjàṣẹ́ ni ilé rẹ̀. Ẹ lọ wo iṣẹ́ Julien Sinzogan tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ níbí ní 1957: ọkọ̀ ojú omi tí ẹ̀mí àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú fi ń padà bọ̀ wálé. Ẹ sì wo Roméo Mivekannin, ọmọ ìran Gbẹ̀hánzìn ọba Dàhòmì: ó ń rán aṣọ ìbusùn àtijọ́ pọ̀, ó ń rì í sínú àgbo, ó ń kun àwòrán ìgbà àwọn òyìnbó sí i, ojú ara rẹ̀ ló ń fi sí ọrùn àwọn tó wà níbẹ̀. Bí ẹni tó jókòó nínú fọ́tò kan bá ti ń wo yín lójú kòrókòró, ẹ̀yin náà ti wọ ẹbí náà.

Aṣọ eégún: ẹ lè kun ún, ẹ má kun ẹni tó wà nínú rẹ̀. Kò sí àtẹ́lẹsẹ̀, kò sí ìka, kò sí ojú. Ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́ tí fọ́tò ò bá gbé jáde dáadáa, ẹ bi àgbà ilé wọn, ẹ má fi ojú inú parí rẹ̀.

Òkè Ṣábẹ̀

Mo gbà pẹ̀lú Ìyá Aláṣọ nípa aṣọ, mi ò gbà nípa ìwọ̀n orí kan náà. Nínú fọ́tò ẹbí wa, àgbà ń jókòó, ọmọdé ń dúró. Tí ọ̀rẹ́ tó jẹ́ ọmọ ọgbọ̀n ọdún bá jókòó lórí àga tí ìyá àgbà sì dúró sẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tó máa rí ẹbí níbẹ̀, àìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n á rí. Bí fọ́tò àwọn ìyá náà bá sì jẹ́ ti orí ìdúró, kò ṣeé yí. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ yọ àga kúrò pátápátá: ẹ tẹ́ ẹní, kí àwọn alààyè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó sórí rẹ̀, kí àwọn òkú dúró láàárín wọn. Wọ́n á ga ju àwọn alààyè lọ láìjẹ́ pé wọ́n fò lókè.

Ìyá Aláṣọ (Àjàṣẹ́)

Ẹní dára. Ìwọ̀n orí ni mo sọ, kì í ṣe ìdúró. Ẹ ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìdẹ́nà

Ẹ kú àdúrótì gbogbo yín. Ẹní ni mo mú. Ọ̀kan ló kù: wọ́n fẹ́ fi í hàn ní Kútọnú, férémù mítà 2 ò sì lè wọ ọkọ̀ láti Kétu. Ṣé gel ò ní sán tí mo bá ká a?

Aláwọ̀ Àjàṣẹ́

Ẹ má fi férémù sí i rárá. Ẹ ṣẹ́ etí rẹ̀ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ rán an, ẹ lu òrùka irin kéékèèké tí okùn ń gbà kọjá (œillet) sí etí òkè ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà 20, mọ́kànlá ni fún mítà 2. Mivekannin ń fi aṣọ tirẹ̀ kọ́ láìsí férémù, Marshall náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ńlá.  

Ojú ọ̀dà síta ni ẹ máa ká a, kì í ṣe sínú: tó bá wà nínú, ọ̀dà á ṣẹ́po pọ̀, ìṣẹ́po náà á sì sán. Páìpù ike tí ìbú rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 15 ó kéré tán. Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ omi ẹ̀rọ ní in. Ákírílíìkì máa ń rọ̀ tó bá gbóná, á lẹ̀ mọ́ ohun tó bá kàn án, nítorí náà bébà tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì, èyí tí kì í lẹ̀, ni kí ẹ tẹ́ lé gbogbo ojú rẹ̀ kí ẹ tó ká a. Ọ̀rá kọ́. Ẹ fún gel ní ọ̀sẹ̀ méjì kí ó gbẹ dénú kí ẹ tó gbé e sọ́nà, kí ẹ sì rìn láàárọ̀ kùtù, torí inú búùtù ọkọ̀ lọ́sàn-án gbóná ju ohun tí gel lè gbà lọ. Tó bá dé Kútọnú, ẹ tú u sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn gan-an, ẹ má dúró de ọjọ́ ìfihàn, kí ẹ sì fi àlàfo sẹ̀ǹtímítà 5 sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ògiri, torí ọ̀rinrin òkun.